Ara Mi Nìyí: Àṣàrò lórí Oúnjẹ Olúwa láti Douala

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ àwa olùtúmọ̀ kọjá, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó kéré tó “ni”, tí ó sì tún fa awuyewuye tó o. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ni. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu mọ̀ ọ́n lò. Síbẹ̀, lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ni Martin Luther àti Ulrich Zwingli ṣe pínyà ní ìlú Marburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1529. Luther fi ẹfun kọ gbólóhùn tí Olúwa wa sọ lórí búrẹ́dì sórí tábìlì ní èdè Látìnì, ó sì ní òun kò ní kúrò níbẹ̀: ohun tí Olúwa pè ní ara rẹ̀, ara rẹ̀ ni. Zwingli ní ọ̀rọ̀ náà kò ju “dúró fún” lọ. Kókó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lórí mẹ́rìnlá. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí í ṣe ti Oúnjẹ Olúwa, ni kò jẹ́ kí wọ́n lè na ọwọ́ ará sí ara wọn. Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ìjọ Àgùdà, tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, èyí tí Àpérò Trent fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1551: pé ohun tí búrẹ́dì àti ọtí wáìnì jẹ́ gan-an yí padà di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi, bí ojú, ọwọ́ àti ahọ́n kò tilẹ̀ rí ìyípadà kankan.

Inú Ìjọ yẹn ni a bí wa sí. Ohun ìjìnlẹ̀ yìí ni ó sì wà láàárín gbùngbùn ìgbàgbọ́ wa, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́ kúrò, a kò mọ ohun tí a ó máa jí lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa mú wa jókòó ti àwọn ará tí kò gbà á bí a ti gbà á. Láti ọdún 1968, tí àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Bíbélì lágbàáyé àti ọ́fíìsì Póòpù tí ó wà fún ìṣọ̀kan àwọn Kristẹni ti fọwọ́ sí ìlànà kan pé kí a jọ máa túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tábìlì kan náà ni a ń lò. A lè jọ túmọ̀ gbólóhùn Olúwa náà. A kò tíì lè jọ jẹ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà bí onímọ̀ èdè ti ń wò ó, nítorí ohun tí a lọ kọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó jẹ́ ní èdè Gíríìkì tí àwọn Ajíhìnrere fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Árámáíkì ni Olúwa wa ń sọ nílé, nínú èdè yẹn ènìyàn lè gbé “èyí” ti “ara mi” láìfi ọ̀rọ̀ kankan sí agbedeméjì wọn, kí gbólóhùn náà sì pé pérépéré. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí Luther àti Zwingli tìtorí rẹ̀ pínyà kò jáde lẹ́nu Olúwa rárá. A kò sọ èyí láti fi àwọn baba náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n ń jà fún tóbi ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ.

Ní èdè Yorùbá, ọ̀nà tí ó wà níwájú wa ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá wí pé “Èyí jẹ́ ara mi”, ìtumọ̀ rẹ̀ yé, ṣùgbọ́n ó tutù bí ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó. Bí a bá wí pé “Èyí ni ara mi”, “èyí” ni a tẹnu mọ́: èyí, kì í ṣe òmíràn. Bí a bá yí i padà pé “Ara mi ni èyí”, “ara mi” ni ìtẹnumọ́ bọ́ sí: ẹ má ṣe fi pe nǹkan mìíràn. Gbólóhùn àárín yẹn ni ó ti mọ́ wa létí jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan tún wà tí kì í fi wá lọ́kàn balẹ̀. Bí ìyá olóúnjẹ bá gbé àwo síwájú wa, kì í wí pé “Èyí ni oúnjẹ yín”. Yóò wí pé, “Oúnjẹ yín nìyí.” Ẹni tí ó jẹ wá ní gbèsè, tí ó wá san án, yóò na ọwọ́, yóò ní, “Owó yín rèé, ẹ gbà á.” Irú gbólóhùn báyìí kì í ṣe àlàyé. A kì í sọ ọ́ bí ọwọ́ kò bá nà jáde, ẹni kan sì gbọ́dọ̀ wà níwájú wa tí yóò gbà. Ní òru yẹn, Olúwa wa kò gbé búrẹ́dì sókè kí ó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ohun tí búrẹ́dì jẹ́. Ó mú un, ó súre, ó bù ú, ó sì nà án sí wọn pé kí wọ́n gbà. Bí a bá jẹ́ aládùúgbò tí ó yọjú lójú fèrèsé, tí a sì gbọ́ Yorùbá nìkan, ohun tí ìbá ta sí wa létí ni, “Ara mi nìyí.”

A kò dábàá pé kí a yí ojú ìwé Bíbélì padà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ìjọ ti fi ń gbàdúrà láti ìran dé ìran kì í ṣe ohun tí olùtúmọ̀ kan ń jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó tún ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti ràn wá lọ́wọ́ nínú àdúrà tiwa. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń kúnlẹ̀ tí a ń bi ara wa léèrè bí nǹkan yìí ti lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá na nǹkan sí, ọwọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ nà.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ mọ̀ nípa nína ọwọ́ yìí. Nínú ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, orí kọkànlá, ẹsẹ kẹtàlélógún, ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì kan náà ni ó lò lẹ́ẹ̀mejì: ohun tí òun gbà, òun ti fi lé àwọn ará Kọ́ríńtì lọ́wọ́, a sì fi Olúwa lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́ ní òru tí ó mú búrẹ́dì. Nínú Bíbélì Yorùbá, “fi fún” ni ti àkọ́kọ́, “fi hàn” sì ni ti èkejì, nítorí náà etí wa kò lè gbọ́ pé okùn kan ni ó so wọ́n pọ̀. Títí di ìsinsìnyí a kò tíì rí ọ̀nà tí ó tẹ́ wa lọ́rùn. Kí Júdásì tó fi í lé wọn lọ́wọ́, Olúwa ti fi ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ lórí tábìlì. Gbogbo ìyẹn wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, a sì pàdánù rẹ̀.

Irú èrò báyìí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí iṣẹ́ gbé wa lọ sí Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, láti bá àwọn olùtúmọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa jókòó. Ẹ̀bá odò Wouri ni ìlú náà wà, odò tí àwọn Potogí ìgbàanì sọ ní odò edé, tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì ti ara rẹ̀ gba orúkọ. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ Bíbélì kò lè dé ibẹ̀ kí ó má ṣí fìlà. Joseph Merrick, ọmọ Jàmáíkà tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ ní etíkun yẹn kí ó tó kú ní ọdún 1849. Alfred Saker, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ síwájú: Májẹ̀mú Titun ní èdè Duala parí ní ọdún 1862, odidi Bíbélì sì parí ní ọdún 1872, ọdún méjìlá kí odidi Bíbélì tiwa tó jáde ní 1884. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Pallottine gúnlẹ̀ ní ọdún 1890, tí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Marienberg lẹ́bàá odò Sanaga, ọ̀rọ̀ tí Olúwa sọ lórí búrẹ́dì ti wà nínú ìwé ní èdè Duala ṣáájú wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi bá wa níbẹ̀, a sì lọ sí Mísà ní àdúgbò New-Bell. Ìjọba Jámánì ni ó lé àwọn Duala kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn létí odò, tí ó ní kí wọ́n máa lọ sí ibẹ̀. Nítorí pé ọba wọn, Rudolf Duala Manga Bell, kọ̀ fún wọn, wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù Ògún, ọdún 1914. Lẹ́yìn náà New-Bell di àdúgbò àwọn àlejò: Bamiléké, Bassa, Hausa, Ìgbò, àti Yorùbá pẹ̀lú. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, Onítẹ̀bọmi kan àti Presbitéríà kan, bá wa lọ kí wọ́n lè bu ọlá fún wa. Nígbà tí ó tó àkókò láti gba Ara Olúwa, àwa dìde, àwọn jókòó. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a ti jọ fi ìka tọ ẹsẹ kan náà, tí a jọ jiyàn, tí a jọ rẹ́rìn-ín. Ìlànà Ìjọ wa ni, a sì mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó bá gba Ara náà ń sọ pẹ̀lú pé òun jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo Ìjọ tí ó yí pẹpẹ yẹn ká, ọ̀kan yẹn kò sì tíì pé láàárín wa. A pa ìlànà náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kò dun òun, a kò mọ irú ọkàn tí ó wà láyà rẹ̀.

Lẹ́yìn Mísà, ìdílé kan gbà wá lálejò. Wọ́n gbé miondo síwájú wa pẹ̀lú ẹja yíyan. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a lọ̀ kúnná, tí a wé sínú ewé bí ọ̀pá tínrín, tí a fi okùn dì, tí a sì sè, ni miondo. Ó jẹ́ fún àwọn Duala bí iyán ti jẹ́ fún ará Èkìtì. (Ó dùn, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò bá fẹ́ràn fùfú má ṣe dán an wò.) Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé náà tú okùn tirẹ̀, ó wò wá, ó ní, “Pàpá, oúnjẹ wa nìyí. Kí ló dé tí Jésù kò lè fi èyí fún wa?”

Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Àlìkámà kì í hù létí odò Wouri. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e wá sí èbúté Douala, ọtí èso àjàrà náà bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní ọdún 1983 sì wí nínú òfin 924 pé àlìkámà nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe búrẹ́dì Mísà, kí ọtí rẹ̀ sì jẹ́ ti èso àjàrà. Àlùfáà Jean-Marc Ela, tí a bí ní Ebolowa ní ọdún 1936, lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní Tokombéré, níhà àríwá Kamẹrúùnù, níbi tí ọkà bàbà àti jéró ti jẹ́ ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Nínú àwọn ìwé tí ó kọ ní àwọn ọdún 1980, ó béèrè, láìfi epo bọ ọ̀rọ̀, irú Ìròyìn Ayọ̀ tí a ń wàásù fún ẹni tí àká rẹ̀ ṣófo. Àlùfáà René Jaouen, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó bá àwọn Giziga gbé ní ìhà yẹn, kọ odidi ìwé kan lórí Mísà tí a fi ọkà ilẹ̀ náà ṣe, L’Eucharistie du mil, ní ọdún 1995. Títí di òní, òfin náà kò yí padà.

Àwa olùtúmọ̀ kò lè ṣe bí ẹni tí ìbéèrè yìí ṣàjèjì sí. Nígbà tí àwọn baba wa dé ibi tí onísáàmù ti ń sọ̀rọ̀ yìnyín, ohun tí kò sí nílẹ̀ wa, wọ́n fi ẹ̀gbọ̀n òwú dípò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ṣìnà nítorí rẹ̀. Àfiwé ni, ohun tí ó funfun ni onísáàmù ń wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ Olúwa ní òru yẹn kì í ṣe àfiwé. Ìtàn ni. Ọlọ́run kò di ènìyàn ní ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Násárẹ́tì ni wọ́n ti tọ́ ọ, èdè kan ni ó sọ, oúnjẹ ilẹ̀ kan ni ó jẹ. Bí a bá yí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ tiwa, ẹ̀rù ń bà wá pé ọwọ́ náà lè di tiwa pẹ̀lú. Èrò tiwa nìyẹn, a sì sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ àwa náà lọ́rùn tán, nítorí pé àwọn baba wa kan náà gbójúgbóyà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkàrà ni wọ́n pe búrẹ́dì nínú Bíbélì àtijọ́. “Ìwúkàrà” àti “Àjọ Àìwúkàrà” ṣì wà bí ẹ̀rí títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá kà á, bí ẹni pé àwọn Àpọ́sítélì jókòó ti agbada ẹ̀wà díndín. Ìtumọ̀ tuntun ní “búrẹ́dì”, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí àkàrà ń ṣe láàárín wa. Bí àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a dín àkàrà, wọn a sì pín in yí àdúgbò ká. Ẹni tí ó bá gbà á jẹ ti gbọ́ ikú náà, ó sì ti bá ilé náà pín nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ lédè Yorùbá pé ọkùnrin kan tí yóò kú lọ́la mú àkàrà, ó sì pín in, kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ara rẹ̀ tó bù máṣọ. Olúwa wa kò tó ọjọ́ orí ẹni tí à ń dín àkàrà fún. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni pín in nítorí òun.

Níbi tí ọ̀rọ̀ Ela ti mú jù, a kò ní ìdáhùn sí i bí kò ṣe pé a gbà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2008, Douala gbóná. Owó epo ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ti ga ju agbára àwọn ènìyàn lọ. Ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀ di rògbòdìyàn tí ó ràn dé àwọn ìlú mìíràn, ènìyàn sì kú. Àwọn tí ó gba Ara Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi wà láàárín àwọn tí ebi ń pa ní ọjọ́ Ajé. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò bi àwọn ará Kọ́ríńtì bóyá àlìkámà ni búrẹ́dì wọn. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí ebi fi ń pa àwọn kan nídìí tábìlì náà nígbà tí àwọn mìíràn ti mu àmuyó. Ìdájọ́ tí ó sọ lé wọn lórí ni pé wọn kò dá ara náà mọ̀.

Ara wo? Níhìn-ín ni ohun kan wà tí ó ń dé bá wa nígbàkúùgbà tí a bá ń ka ìwé àyẹ̀wò kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya “ara” sọ́tọ̀ kúrò lára “ará”. Nínú àwọn Bíbélì àtijọ́ tí kò fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, bákan náà ni a tẹ méjèèjì, ẹni tí ń kà á ni yóò fi ọgbọ́n orí mọ̀ bóyá ara tí ó ní ẹran àti egungun ni, tàbí ará ilé, ará ọ̀nà, ará nínú Olúwa. A kì í kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn lórí àmì ohùn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè kan yóò ṣubú ní èdè kejì. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù, tí kò gbọ́ Yorùbá, sọ ọ̀rọ̀ kan náà: orí kan péré lẹ́yìn Oúnjẹ Olúwa ni ó sọ fún wọn pé àwọn fúnra wọn ni ara Kristi. Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi pé ohun ìjìnlẹ̀ tiwọn gan-an ni a gbé sórí tábìlì Olúwa, àti pé ohun tí wọ́n jẹ́ ni wọ́n ń gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa méjèèjì tí wọ́n jókòó ní New-Bell, ará wa ni wọ́n. Ara Olúwa wà ní ọwọ́ wa, ará Olúwa wà lórí àga lẹ́yìn wa, Pọ́ọ̀lù sì ní kí a dá a mọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì New-Bell yẹn ní ìtàn kan tí ó yẹ kí a sọ. Láti ọdún 1947, Simon Mpeke ni àlùfáà ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Kamẹrúùnù mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí a fi joyè àlùfáà ní ọdún 1935. Ìjọ ńlá ni, a sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1959, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi í sílẹ̀, ó sì lọ sí Tokombéré, sáàárín àwọn ará òkè tí àwọn ẹlòmíràn ń fi orúkọ “Kirdi” bú, tí kò sí èdè tirẹ̀ kankan tí wọ́n gbọ́. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ó jókòó ti àwọn àgbà wọn, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà kí ó tó sọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Ela lọ bá a. Ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe iṣẹ́ náà, títí tí ó fi kú ní ọdún 1975. Búrẹ́dì àlìkámà ni ó fi rú ẹbọ Mísà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin. Ohun tí àwọn ará òkè náà rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà tí ó kù ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Baba Simon, orúkọ tí gbogbo Kamẹrúùnù fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà fún wa ní Douala, ògbufọ̀ fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà fún wa. A ní kí ó má ṣe ìyọnu.